Bàtà Rẹ Dà?

Mùfútáù, mo ti kírun àsùbáà tán,
ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ ni mo dúró sí.
Mú ọ̀pá rẹ.
Àga yẹn ti mọ ìdí rẹ ju ìyàwó rẹ lọ.

Kì í ṣe eré ìje ni mo wí.
Ká kàn rọra sọ̀kalẹ̀ láti Lágbàdé dé etí ọ̀sà,
ká wo àwọn tó ń já ẹja kalẹ̀,
ká bú ẹni tó yẹ ká bú,
ká padà sílé.

O ní orúnkún rẹ ń dún.
Tèmi náà ń dún, bí ilẹ̀kùn ilé Àlàájì Bùsérì;
ilẹ̀kùn ọ̀hún ṣì ń ṣí.

Ìwọ tó o kan ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ fún ogójì ọdún,
ta ló kọ́ mi pé ọkọ̀ tó bá pẹ́ lórí iyanrìn,
oòrùn ní í là á, kì í ṣe omi?

Lánàá, èmi nìkan ni mo lọ.
Mo jókòó lórí ìtí igi wa,
mo fi àyè rẹ sílẹ̀.
Ọmọdé kan fẹ́ jókòó síbẹ̀,
mo ní ẹnìkan ń bọ̀.

Má sọ mí di òpùrọ́, Mùfútáù.
Ilẹ̀ ti ń mọ́.