Abọ́sẹ̀dé Ń Wo Dókítà Inú Tẹlifíṣọ̀n

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀fọ̀n Alààyè.
Òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá bá wa ní pálọ̀.
Abọ́sẹ̀dé ọ̀rẹ́ mi fi ìborùn di orí,
ó wọ ìgò ojú bí ẹni tó ń lọ gba iṣẹ́ òru.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe nọ́ọ̀sì,
èmi ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn kan náà.
Ìjọba ní kó máa sinmi. Ta ló gbọ́?

Eré bẹ̀rẹ̀. Dókítà Ládèjọ ń tẹ àyà aláìsàn
bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.
“Urọ́!”
(Bí inú bá ti bí i, Èkìtì ni gbogbo ẹnu rẹ̀.)
“Na ìgúnpá rẹ! Ta ló kọ́ ẹ?
Ẹ wo omi tí wọ́n fà sí i lára, kò kan iṣan kankan,
pílásítà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́.
Ta ló sì ń kun èékánná wọ yàrá iṣẹ́ abẹ?”

Inú iṣẹ́ abẹ ọ̀hún náà ni Ládèjọ ti kọjú sí Títọ́pẹ́,
wọ́n wo ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi dì.
Ìbòmú bọ́ sí àgbọ̀n. Wọ́n fẹnu konu.
Àwọn ọmọ-ọmọ hó yèè.
Abọ́sẹ̀dé pòṣé: “Ìfẹ́ wo nìyẹn?
Ìfẹ́ ni kí ọkùnrin rí i pé o ti dúró láti àárọ̀,
kó fẹsẹ̀ ti àpótí sún mọ́ ọ,
kó má sọ nǹkan kan.”

Mo mọ ẹni tó ń bá wí.
Bámitálẹ́ tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀.
Lóru tí ẹ̀rọ dákú, tí ìyá ìbejì wà lórí tábìlì,
ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún wákàtí méjì, apá rẹ̀ ò gbọ̀n,
ìmọ́lẹ̀ ò sì kúrò lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé.
Èmi ni mo fọ aṣọ òru yẹn.
Kò fẹ́ ẹ. Ìmẹ̀sí ló ti lọ gbéyàwó.
Tọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n,
bátìrì ti jò, ó ti dípẹtà mọ́ ọn nínú.

Eré ku díẹ̀ kó parí, bàbá arúgbó kan kú.
Ládèjọ wo aago, ó jáde.
Títọ́pẹ́ ò jáde.
Ó nu ẹnu bàbá, ó tún ìrọ̀rí ṣe,
ó ní, “Bàbá, mo fẹ́ yí yín padà o, ẹ má bínú,”
bí ẹni pé wọ́n ṣì ń gbọ́.

Mo ń retí “Urọ́!”
N ò gbọ́ ọ.
Ó bọ́ ìgò ojú, ó ń fi etí ìborùn nù ún.
“Ẹni tó kọ ibí yìí,” ó ní,
“ó ti dúró níbẹ̀ rí.”

Wọ́n mú iná lọ kí ìpolówó ọṣẹ tó tán.
Àwọn ọmọ ti sùn. Àwa méjèèjì ò dìde.
Ó pẹ́ díẹ̀,
mo gbọ́ tí wọ́n fa dúrọ́ọ̀ nínú òkùnkùn,
mo gbọ́ tí wọ́n tún rọra tì í.