Etíkun Tó Ń Rìn

Ọ̀nà mọ́tò parí síbi igi ólífì mẹ́ta
tí wọ́n fara ti ara wọn bí ọ̀mùtí.
Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni.
Ògiri òkúta lọ́tùn-ún, ògiri òkúta lósì,
alángbá tó ń yá oòrùn kò tilẹ̀ yíjú wò mí.
Ìrẹ̀ orí igi páìnì ń fi ohùn bí ayùn
rẹ́ ọ̀sán sí wẹ́wẹ́.
Mo ti ń bú ẹni tó júwe ọ̀nà fún mi
kí òkun Adiriátíìkì tó yọjú lójijì,
bí ẹni tí kò mọ̀ pé a ń wá òun.

Kò sí agbòòrùn tí a ń háyà,
kò sí àga, kò sí ọlọ́tí tútù,
kò sí iyanrìn pàápàá.
Òkúta ni. Òkúta rọ́bọ́tọ́, òkúta pẹlẹbẹ,
òmíràn bí ẹyin àdàbà,
òmíràn bí èékánná ọmọ ọwọ́.
Mo bọ́ bàtà. Mo kábàámọ̀.
Mo jó ijó tí n kò kọ́ níbì kankan
títí mo fi bọ́ sínú omi,
omi tó mọ́ gaara débi pé òjìji mi
ṣáájú mi dé ìsàlẹ̀.

Jerka rí mi, ó rẹ́rìn-ín.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó jókòó
sẹ́nu ilé tí ọkọ rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ ojú omi sí,
ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọkọ kò sí mọ́.
Ó bù mí ní tòmátì àti sàdíìnì oníyọ̀.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi fọ abọ́ ní Bari, ní òdì kejì omi yìí;
èdè Ìtálì tó kán lápá la jọ fi ń sọ̀rọ̀.

Ó ní: àwọn kan wá láti Split
pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Wọ́n gbá èèkàn pupa méjìlélógójì mọ́lẹ̀.
Hòtẹ́ẹ̀lì alája márùn-ún, wọ́n ní;
iyanrìn ńkọ́? Ọkọ̀ ni yóò kó o wá.
Mo fún wọn ní wáìnì. Àlejò ṣáà ni wọ́n.
Oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ gúúsù dé, júgò,
ó jà fún òru mẹ́ta, ilẹ̀kùn ò sùn.
Ilẹ̀ mọ́, mo jáde:
etíkun ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn,
èèkàn dúró nínú omi dọ́rùn.
Àwọ̀n Prošper gbé ọ̀kan.
Wọ́n padà wá wọ̀n ọ́n. Ìgbà òtútù ré kọjá,
òkúta padà sílé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n.
Ìgbà kẹta, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Ó dákẹ́. Ó tu egungun ẹja.
Ṣùgbọ́n Lovre, ọmọ àbúrò mi ní Ọsirélíà,
ó ń kọ̀wé: ẹ jẹ́ ká tà á. Owó wà níbẹ̀.
N kò tíì fèsì. Ojú ń dùn mí.

Mo sọ fún un pé lédè tèmi, òkúta ni nǹkan yìí ń jẹ́,
mo sì ya ọ̀rọ̀ náà sí méjì bí ẹní ya búrẹ́dì:
kú, mo ní. Ta, mo ní.
(Ohùn rẹ̀ kò bára mu tán, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n ta ni yóò bi mí níbẹ̀?)
Ó ronú sí i. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀.
Kí n kú ná. Kí ẹni tó bá fẹ́ tà á wá tà á."

Ìrọ̀lẹ́, ìgbì ń fà sẹ́yìn,
òkúta ń yí gbiri tẹ̀lé e, wọ́n ń kùn
bí àwọn ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sùn.

Mo gòkè padà. Lẹ́bàá igi ólífì,
nǹkan ń gún mi lẹ́sẹ̀. Mo gbọn bàtà:
òkúta kan, eérú lára rẹ̀, bí ẹyọ ẹ̀wà.
Mo fẹ́ kó o sápò.
Mo gbé e sẹ́bàá ọ̀nà, mo kọjú rẹ̀ sí òkun.
Ó ti rìn dé òkè. Ó mọ̀nà.