Orí Keje

Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mo wọ mọ́tò l'Ábújá,
tí mo gba Kẹ́fí, gba Akwáńgà dé Kàfáńṣàn,
bírò méjì, tépù kan, ìwé tí epo súyà ti rin.
Bàbá Sálíù Àkàgbé jókòó lórí ẹní,
ẹ̀yìn sí ògiri, ojú sí irin rélùwéè
tí koríko ti bò.
Ó ní, "Ibo la dé?"
"Orí keje, Bàbá. Ọdún tí ẹ gbé jìtá jùnù."
Ó ní, "Mu fúrá ná."

Orí kìn-ín-ní ti wà nílẹ̀:
bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin l'Ọ́fà
pẹ̀lú àpótí kan àti ìyàwó olóyún;
wọ́n bí ọmọ náà sí yàrá òṣìṣẹ́ rélùwéè,
ó gbọ́ irin tó ń gun irin
kó tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.
Orí kejì: agolo bísíkíìtì, pákó àpótí,
wáyà bíréèkì tó yọ lára kẹ̀kẹ́ tísà,
ẹgba méjìlá.
Orí kẹta títí dé ìkarùn-ún, kí n má purọ́,
èmi tí mò ń kọ wọ́n gan-an ń jó lórí àga:
Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Sábó Kánò,
ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbọọrọ,
èdè mẹ́ta nínú orin kan, kò ṣi ọ̀kan pè.

Orí kẹfà, ó dákẹ́.
Hàbíbátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibà,
bàbá rẹ̀ wà lórí ìtàgé ní Jọ́ọ̀sì títí ilẹ̀ fi mọ́.
Mi ò pa tépù.
Ó ká ohùn ewúrẹ́, ó ká odó aládùúgbò,
ó ká ohun tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ sílẹ̀.

Ẹni tí yóò tẹ ìwé náà ní Wúsé ní,
"Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan bọ́ lù ú lóru.
Jẹ́ kó fọ́ jìtá mọ́lẹ̀."
Bàbá rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta.
"Ìmọ́lẹ̀ wo? NẸ́PÀ ò mú iná wá lọ́dún yẹn.
Mo ta jìtá fún ọmọ Kàgóró kan,
mo fowó ra símẹ́ńtì, mo fi mọ etí kànga mọ́sálááṣí.
Ó rẹ̀ mí ni. Mo jókòó.
Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó gbọ́."
"Kí lẹ gbọ́?"
"Fúrá ẹ ti ń kan."

Lẹ́yìn ìrun àsìkò alẹ́ ló wá ní
kí n yọ orí kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún.
"Àwọn ọmọ-ọmọ mi á kà á."
Mi ò dá a lóhùn. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi kọ wọ́n.
Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tẹ̀sùbáà:
àtàǹpàkò fa hóró méjì, ó dúró díẹ̀,
ó fa ọ̀kan, ó fò, ó tún fa méjì.
Mo ti gbọ́ ìfà yẹn rí.
Ojú kejì àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ti Kàdúná,
orin ìkẹta, okùn ìsàlẹ̀,
èyí tí mo fi etí tẹ̀ lé ní ogójì ìgbà
tí mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pè é.

Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ yín."
Ó wò ó bí ẹni tó bá ọmọ onílé nínú àwo ọbẹ̀.
Ó gbé tẹ̀sùbáà sí ọwọ́ òsì.
Ìka òsì, tí orí wọn ṣì le bí èékánná,
bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ afẹ́fẹ́,
ọ̀kan, òmíràn, wẹ́rẹ́.

A kò sọ̀rọ̀ mọ́.
Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó kún ní gáréèjì,
mo ṣí ìwé sórí orúnkún,
mo fa ìlà gba inú "keje" kọjá,
mo kọ "kẹta" sí orí rẹ̀,
n kò sì mọ èyí tí mo yọ.