Ẹja Kìnnìún ní Òkè-Fìà

Nílé oníṣègùn eyín, ní Òkè-Fìà,
ẹja kan wà nínú gíláàsì tí kò mọ Ọ̀ṣun.
Bí ẹ bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú wọlé, òun lẹ ó kọ́kọ́ rí:
pupa, funfun, pupa, funfun,
bí òfì tí ẹnìkan jù sómi tí kò rì,
ìyẹ́ àyà rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀,
ẹ̀gún mẹ́tàlá dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀.
Kì í sáré. Ta ni yóò lé e?

Èmi Sàbítíyù ni mò ń nulẹ̀ ibẹ̀,
èmi ni mò ń po iyọ̀ mọ́ omi rẹ̀.
Dókítà Oyèyíọlá ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi: ẹja kìnnìún.
Mo ní, kìnnìún wo ni kì í bú?
Ó ní, èyí tí kò nílò ariwo.

Òkun rẹ̀ jìnnà, ó ní, níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ.
Iyùn tí ẹ ń so mọ́ ìyàwó lọ́rùn,
àwọn ẹbí rẹ̀ ń hù láàyè níbẹ̀, lórí àpáta, lábẹ́ omi.
Lọ́sàn-án, ẹja yìí a sá sábẹ́ àpáta,
a dorí kodò bí àdán.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó ń jáde bọ̀.
A na ìyẹ́ méjèèjì, a sé ẹja wẹ́wẹ́ mọ́ kọ̀rọ̀,
a fẹ́ omi sí wọn lójú, fúú,
kí wọ́n lè yíjú sí i.
Wọ́n yíjú.
Kò rún un, ó gbé e mì.

Abo rẹ̀ a máa yé ẹyin tó ọ̀kẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan,
a dì wọ́n sínú ohun yíyọ̀ bí ilá,
ìgbì a gbé wọn lọ síbi tó bá wù ú.
Tiwa yìí ò ní aya, kò ní ọkọ. Tàbí n kò mọ̀.

Oró rẹ̀ ò sí lẹ́nu, kò sí nínú ẹran ara rẹ̀.
Ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gún ló ń gbà,
awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó.
Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, awọ a sún sẹ́yìn, oró a wọlé.
Kì í fi ṣọdẹ. Ẹni tó bá wá ìjà wá ló ń fi dá lóhùn.

Mùtíù tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, a sọ fún un, kò gbọ́.
Igbe tó ké, obìnrin kan gbàgbé eyín tó ń dùn ún.
Dókítà sáré jáde tòun tẹ̀mú lọ́wọ́:
“Omi gbígbóná! Èyí tí awọ lè gbà o, kì í ṣe èyí tó ń hó!”
Oró yìí kò fẹ́ràn ooru.
Wákàtí kan àtààbọ̀ ni Mùtíù fi jókòó,
ọwọ́ nínú báákẹ́ẹ̀tì, omijé lójú,
ó ń bá ẹja wí bí ẹni ń bá àna rẹ̀ jà.

Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí.
Ẹja tó wà nínú igbó Ọ̀ṣun, a kì í fọwọ́ kàn án:
èèwọ̀ ni ẹ̀gún tiwọn.
Àlejò yìí kò ní ẹni tí yóò bá a kéèwọ̀,
ó gbé tirẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan wọ́n múná lọ. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.
Ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn sómi dákẹ́.
Mo mú kọ́ọ̀pù, mò ń bu omi, mò ń dà á padà látòkè,
kí èémí lè wọ̀ ọ́.
Mò ń bù, mò ń dà.
Ó sún mọ́ mi, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ dìde,
ọwọ́ mi nínú ilé rẹ̀.
Kò ṣe nǹkan kan. Èmi náà kò yọwọ́.

Iná dé kí ládánì tó pè.
Mo lọ ṣe àlùwàlá. Iyọ̀ ṣì ń ta mí lójú ìka.