Orin Kẹrin, Ojú Kejì

Ilé onígi tí mo háyà ní Duluth ní yàrá abẹ́ ilẹ̀,
yàrá náà ní ayálégbé mẹ́ta:
Linnea, Maren ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Dov tó máa ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe.
Wọ́n ń pe ara wọn ní Yìnyín Oṣù Kẹrin.
Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Dov ní kí n ṣe sùúrù,
kí oṣù kẹrin dé, kí n lọ wo adágún.

Kò sí ìlù. Jìtá méjì, dùùrù kékeré kan tí eyín rẹ̀ méjì ti yọ,
lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu lásán.
Odidi ìgbà òtútù, pákó ilẹ̀ mi ń gbọ̀n nítorí ẹnu lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ dò-re-mí lójú pátákó ilé-ìwé,
ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí:
etí wa kì í jẹ́ kí ohùn kọjá láìbi í ní ìtumọ̀.
Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lanu pọ̀, wọn á mú sílébù kan ṣoṣo,
Maren á gbé e sókè, Dov á rì í mọ́lẹ̀,
Linnea á dúró lágbedeméjì bí ẹni tó di okùn mú,
èmi tí mo dùbúlẹ̀ lókè á gbọ́ kọ́, kọ, kọ̀
nínú èémí kan ṣoṣo:
ẹnì kan ń kọ́lé, ẹnì kan ń kọrin,
ẹnì kan kọ̀, ó ní òun ò lọ.
Ta ni kí n dá lóhùn?

Ìlà kan péré ni wọ́n fi oru mẹ́sàn-án tún kọ.
Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dáadáa. Ó jọ pé bàbá kan ni,
ó jọ pé ó gbàgbé fìtílà.
Ní òru keje mo fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀, gbì, gbì, gbì.
Wọ́n dákẹ́.
Ojú tì mí. Mo gbé mọ́ínmọ́ín mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ láti fi bẹ̀bẹ̀;
Maren jẹ méjì, ata sì gba ohùn òkè lọ́wọ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Agogo márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde
lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn afárá.
Bàtà ìgbà òtútù. Kọ́kọ́rọ́.
Ilẹ̀kùn tó máa ń kérora kó tó pa dé.

Oṣù kẹrin dé. Mo lọ wo adágún.
Yìnyín ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìgbì ń kó wọn lu ara wọn létí omi
bí ẹgbẹ̀rún ife tí ẹnì kan ń fọ̀ jẹ́ẹ́, kí ọmọ má bàa jí.
Mi ò bi Dov ní nǹkan mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú àwo orin wọn wá, àkọ́bí,
ó ṣì ń rùn bí ọ̀dà. Igba péré ni wọ́n tẹ̀.
Mi ò ní ẹ̀rọ tí ń kọ àwo. Mo dúpẹ́, mo há a mọ́ abíyá,
ó di ibi iṣẹ́, ó di yàrá Ìyá Solveig,
ẹni ọdún méjìléláàdọ́rùn-ún, tí ẹ̀rọ rẹ̀ dàgbà jù mí lọ,
tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti Kérésì.
Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ojú kìíní tán. Ìyá ń wo fèrèsé.
Ojú kejì, orin kẹrin: ìlà olóru mẹ́sàn-án yẹn ni,
bàbá, fìtílà, ohùn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra bí irun bíba,
títí wọ́n fi dé ibi tí èémí tán,
tí wọ́n dákẹ́,
tí mo gbọ́, nínú ìdákẹ́ náà, lókè réré,
bàtà. Kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn tó kérora.
Wọn ò gé e kúrò.

Ìyá Solveig yí orí. "Ẹnì kan ń jáde níbẹ̀ yẹn."
Èmi ni, mo ní. Agogo márùn-ún ti lù.
Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀.
Ó rò ó díẹ̀,
ó ní kí n dá abẹ́rẹ́ padà.