Ibi Tí Odi Wà

Ní ẹnu ibodè Ìlárá, wọ́n ṣí ìwé ìrìnnà mi,
wọ́n ka orúkọ tí àwọn Faransé fi lẹ́tà tiwọn kọ:
"Adékínà." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Adéṣínà ni."
Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Nígbà tó o ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,
kí lo tún ń gba òǹtẹ̀ fún?"
Síbẹ̀, ó gbowó kó tó lù ú.

Màmá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò ní Kétu
pé ọmọ òun lọ kàwé ní òkè òkun.
Òkun dà? Okùn ni mo rí, tí wọ́n ta dábùú títì,
àti ewúrẹ́ méjì tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìní ìwé.

Ní Agbówó, mo gba yàrá nílé Bàbá Látúnjí,
èmi àti alábàágbé kan láti Ṣakí
tó ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.
Mo ké sí ọlọ́kadà, mo ní, "Sẹ́mi!"
Ó wẹ̀yìn, ó rò pé orúkọ ẹlòmíràn ni.
Èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n ó dà bí bàtà ẹ̀gbọ́n ẹni:
ẹsẹ̀ mi wọ̀ ọ́, kò sì bá mi mu.

Olùkọ́ wa yan iṣẹ́ fún wa lórí ìtàn ìlú
(máàkì ogún; mọ́kànlá ni mo gbà, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀).
Mo yan odi Ìbàdàn.
Ẹni tó bá ti Kétu wá mọ odi.
Àkàbà Ìdènà ni a ti ṣeré dàgbà,
a ti yọ́ gun ún, wọ́n sì ti nà wá nítorí rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, mo gun Làyípo ní Òkè Ààrẹ.
Mo ń ka àtẹ̀gùn, òòyì kọ́ mi, mo ṣì í kà.
Lókè, afẹ́fẹ́ gba fìlà mi lọ.
Páànù, páànù, páànù tó ti gbó,
bí ìwé tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀
kí òjò má baà rí i kà.
Mi ò rí odi.

Mo bi ẹni tó ń ta táyà ní Bẹẹrẹ.
Odi? Bóyá lẹ́yìn mọ́sálásí yẹn.
Lẹ́yìn mọ́sálásí, télọ̀ kan ní kí n lọ sí Màpó.
Ní Màpó, ọmọ ilé-ìwé méjì ń ya fọ́tò lábẹ́ òpó,
wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ fóònù. Mo bá wọn tẹ̀ ẹ́.
Òòrùn wọ inú bàtà mi.

Sátidé kẹta, ní agbo ilé kan lẹ́yìn Lábíran,
mo bá Ìyá Àwẹ̀ró lórí àpótí,
ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.
Ó gbọ́ ìkíni mi, ó gbójú sókè:
"Níbo lo ti kó ohùn yẹn?"
Mo ní Kétu. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi odi wa yangàn,
gíga rẹ̀, yàrà rẹ̀,
bí ogun ṣe ń dé ìdí rẹ̀ tó ń padà sẹ́yìn.
Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.
"Ìyá tó bí ìyá bàbá mi," ó ní,
"ọ̀nà yín ni wọ́n ti mú un wá.
Kì í ṣe pé ó wu ẹsẹ̀ rẹ̀.
Wọ́n ní ohùn bí tìrẹ ló ní títí ó fi kú.
Odi tí ò ń wí yìí,
ṣé inú rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà, àbí ìta?"

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.
Òkúta kan. Òkúta kan. Sínú agolo.

Mo pa ìwé dé.
Mo fa àtẹ ẹ̀wà súnmọ́ra, a jọ ń ṣà á.
Nígbà tó yá, ó ní kí n tún kí òun,
bí mo ṣe kí òun lẹ́ẹ̀kan.
Mo kí i.
Ó dijú. Ó ní,
"Tún un ṣe."