Ọjọ́ tí Oòrùn Padà sí Innerlahn

Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá
ni Òkè Geierkopf ti gbé oòrùn mì.
Ó di ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì kó tó bì í,
aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
bí kùrukùru kò bá jowú.
Àwọn ọmọ iléèwé, mẹ́sàn-án péré,
tò sójú títì, ọwọ́ nínú ìbọ̀wọ́.
Severin, tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ,
ló kọ́kọ́ pariwo: Ó dé!

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni oòrùn kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tán.
Bàbà ara agogo náà, inú òkè wa ni wọ́n ti wà á,
láyé ìgbà tí ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin ń wọ ihò ní òkùnkùn,
tí wọ́n ń jáde ní òkùnkùn,
tí wọn kò mọ̀ bóyá oòrùn wà tàbí kò sí.
Ihò gbẹ. Wọ́n gbé fìtílà wọn, wọ́n lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.
Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibí dó gbójú sókè,
wọ́n ní Innerlahn: inú ibi tí yìnyín ti ń ya.
Awọnlẹ̀ tí ọba rán wá láti Fìẹ́nà
gbàgbé lẹ́tà kan, ó mu wàrà, ó lọ.
Títí dòní, lẹ́tà náà kò tíì dé orí máàpù.

Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn dé ilé Rosina Tschallener,
tó dúró ṣánṣán lójú ọ̀nà yìnyín.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òkè ti gbá a lọ,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un kọ́ sójú kan náà.
Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni mo bi í:
Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀ kalẹ̀ wá sétí odò bíi tiwa?
Kò gbójú kúrò lára búrẹ́dì tó ń gé.
Ó ní, Ṣé ẹ ti rí oòrùn lọ́hùn-ún?

Ìdagẹ̀rẹ́ ni gbogbo oko wa.
Ẹni tó ń fi dòjé gé koríko ń so ara rẹ̀ mọ́ igi;
adìẹ pàápàá, wọ́n ní, ó yẹ kó wọ bàtà oníṣó.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó kan ilé Vinzenz.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni bàbá bàbá rẹ̀
tí wọ́n fi rán an gba orí òkè kọjá lóṣù kẹta,
láti lọ da ẹran fún olóko kan ní Ṣuébíà.
Owó iṣẹ́ rẹ̀: aṣọ méjì, bàtà kan.
Nígbà tó padà, oòrùn ti wọlé ìsinmi rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ kò dá ojú rẹ̀ mọ̀ nínú òkùnkùn;
ó ń gbọ́ bàtà tuntun lórí pákó,
ó ní, Ta nìyẹn?

Yìnyín àtayébáyé tó wà lórí Geierkopf
ń fà sẹ́yìn bí irun orí àgbàlagbà.
Ó ń dá ohun tó yá padà:
ìwo ewúrẹ́ igbó, bọ́tìnnì ológun kan.
Lọ́dún yìí, òjò lásán ló rọ̀ lóṣù kìíní.
A kò mọ bí a ó ṣe bínú sí i.

Ilé tiwa ló gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kọkàndínlógún.
Lórí àjà ilé yìí ni wọ́n tẹ́ bàbá Ottilie, ìyá ọkọ mi, sí
lọ́dún tí ilẹ̀ dì tí kò gba òkú,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ápù, títí di oṣù kẹrin.
Ottilie ọmọdé ń kí i láràárọ̀
bó bá lọ mú ápù.

Ní báyìí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba fèrèsé wọlé,
ó sinmi lórí tábìlì.
Ottilie gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.
Ó na ọwọ́ sínú rẹ̀
bí ẹni ń wò ó bóyá omi ti gbóná.
Ó ní, Ó tó.
Ó sì padà sídìí ọ̀dùnkún tó ń bó.